Ta Ní Ń Yan Olóòtú Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ta Ní Ń Yọ Ọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì gùn.

Ìbéèrè kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí wọ́n dìbò ní Ìlú Ọba tí Keir Starmer fi di olóòtú ìjọba, àwọn wo ló rí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò? Àwọn ará àgbègbè kan ṣoṣo ni, ìyẹn Holborn àti St Pancras ní London. Àgbègbè 649 yòókù kò fojú kan orúkọ rẹ̀. Aṣojú àdúgbò tiwọn ni wọ́n dìbò fún. Àwọn aṣojú 650 yìí ló ń pé jọ sí Ilé Aṣojúṣòfin; ẹgbẹ́ tó bá lérò jù níbẹ̀, olórí rẹ̀ ni ọba máa ń ránṣẹ́ pè pé kó wá dá ìjọba sílẹ̀. Kò sí ìdìbò sí ipò olóòtú ìjọba. Wọn ò sì dá iye ọdún fún ẹni tó bá débẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn aṣojú bá ní àwọn ò ṣe mọ́, ọjọ́ náà ló ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn lọ, torí pé nínú àwọn tó lágbára jù láàrin wọn, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe ọ̀tá ló lé wọn lọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Kò sí òfin tó dá ipò náà sílẹ̀. Ńṣe ló hù. Ní ọdún 1714, wọ́n mú ọkùnrin ará Jámánì kan, ọmọ ọdún 54, wá láti Hanover pé kó wá jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé òun ni ìbátan ọba tó sún mọ́ jù tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Kátólíìkì. George Kìn-ín-ní ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, àwọn kan sì máa ń sọ pé ìdí nìyẹn tí kò fi bá àwọn mínísítà jókòó mọ́. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé òun àti wọn jọ gbọ́ Faransé. Ọkàn rẹ̀ wà ní Hanover ni. Nígbà tó yá, ó jáwọ́ nínú ìpàdé, ó sì di dandan kí ẹnì kan máa jókòó sórí àga ìpàdé dípò rẹ̀.

Owó ló wá fi ẹni náà hàn. Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní South Sea Company, tó gba àṣẹ láti máa kó àwọn ẹrú láti Áfíríkà lọ tà fún àwọn ará Sípéènì ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1720, ìpín ìdókòwò kan níbẹ̀ tó nǹkan bíi 128 pọ́n-ùn. Kí ó tó di ìparí oṣù kẹjọ, ó ti sún mọ́ 1,000. Ìjòyè ń rà, àlùfáà ń rà, ìránṣẹ́ inú ilé ń rà. Ẹ̀yin tí sogún-dogójì ti kó owó yín lọ rí, ẹ ò ní béèrè bó ṣe parí. Ó fọ́ yángá kí ọdún tó tán, àwọn mínísítà tó ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá ibi sá sí. Ẹni tó dúró gedegbe láàrin ìjọ ni Robert Walpole, ọkùnrin sísanra kan láti Norfolk tó mọ ìṣirò owó bí ẹní mowó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1721, wọ́n fi í jẹ olórí ilé ìṣúra ọba. Ó sì lo nǹkan bí ọdún 21 níbẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó pẹ́ tó o títí di òní.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni Walpole o. Ní ọdún 1712, Ilé Aṣojúṣòfin fúnra rẹ̀ ti rán an lọ sẹ́wọ̀n ní Tower of London lórí ẹ̀sùn owó kọ́ńtíráàtì koríko ẹṣin àwọn ọmọ ogun. Ẹni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n ló padà wá di ọ̀gá wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó mọ orúkọ aṣojú kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún àna, ó mọ ẹni tó ń wá oyè fún àbúrò. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “olórí mínísítà”. Èébú ni wọ́n fi ṣe nígbà náà, bí ẹni tó ń sọ pé èèyàn ti fi ara rẹ̀ jẹ ọba kejì. Ní ọdún 1741, Walpole dìde nínú Ilé, ó sì sẹ́ kanlẹ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ìbò tó ní nínú Ilé náà tán, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọba George Kejì ṣì fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí ó lọ, ìfẹ́ ọba kò sì lè gbà á. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe mọ ibi tí agbára wà nìyẹn.

George Kejì yìí náà ló fẹ́ fi ilé kan ta Walpole lọ́rẹ ní òpópónà Downing, nọ́ńbà 10. Walpole ní òun kò gbà á fún ara òun, pé kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ olórí ilé ìṣúra. Ó kó wọbẹ̀ ní 1735. Bí ẹ bá wo ihò lẹ́tà idẹ tó wà lára ilẹ̀kùn dúdú náà, oyè olórí ilé ìṣúra ni wọ́n fín sí i lára títí di òní. Orúkọ olóòtú ìjọba kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ọdún 1905 ń parí lọ ni ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fún olóòtú ìjọba ní àyè tirẹ̀ nínú ètò àwọn ìjòyè, tí wọ́n tò ó sẹ́yìn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York. Òfin tó sọ iye owó oṣù rẹ̀ kò jáde àfi ní 1937. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó kọ iye tí wọn ó máa san.

Lẹ́yìn Walpole, orúkọ pọ̀. N kò ní kà wọ́n tán, torí pé àwọn kan wà tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n a ò lè fo William Pitt kékeré, tó di olóòtú ìjọba ní 1783 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 24. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọdé ilé-ìwé ni. Ọmọdé ilé-ìwé yìí lo ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19 lórí oyè, òun ló sì kọ́kọ́ gbé owó orí ka iye tó ń wọlé fún èèyàn, ní 1799, kó lè rí owó bá ilẹ̀ Faransé jagun. Wọ́n ní fúngbà díẹ̀ ni. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Peckham ní London bóyá ìgbà díẹ̀ náà ti parí.

Spencer Perceval ni kí n dúró lé lórí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1812, ó ń wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Aṣojúṣòfin lọ. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Bellingham ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó ti ní kí télọ̀ rán àpò ìkọ̀kọ̀ sínú ẹ̀wù òun, inú àpò náà ló ti fa ìbọn ìléwọ́ yọ, ó sì yìn ín lu olóòtú ìjọba láyà. Nígbà tí àwọn èèyàn ń sá síhìn-ín sọ́hùn-ún, Bellingham lọ jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Kò sá. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé wọ́n ti òun mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Rọ́ṣíà lórí ọ̀rọ̀ gbèsè, pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ran òun lọ́wọ́, àti pé gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀ tí òun kọ láti gba owó gbà-má-bínú, ọ́fíìsì kan ń tì í sí òmíràn ni. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n yẹgi fún un, gbogbo rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Perceval fi opó àti ọmọ méjìlá sílẹ̀. Òun nìkan ni olóòtú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tíì pa sórí oyè.

Lábẹ́ Lord Grenville ni wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, lábẹ́ Earl Grey ni wọ́n sì ti fòfin fòpin sí ìkónilẹ́rú ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, ní 1833. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Wọ́n ya 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún owó gbà-má-bínú, àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n sì san án fún. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba owó tó pọ̀ jù ni John Gladstone, tó ní oko ní Demerara. Ó gbà ju 100,000 pọ́n-ùn lọ. Ọmọ rẹ̀, William, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ilé Aṣojúṣòfin nígbà náà ni, ara ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ ni láti gbèjà oko bàbá rẹ̀. William Gladstone yìí ló padà di olóòtú ìjọba nígbà mẹ́rin, tí àwọn èèyàn ń pè ní William àwọn mẹ̀kúnnù. Gbèsè tí ìjọba jẹ láti san owó àwọn tó ni ẹrú yẹn kò tán nílẹ̀ àfi ní ọdún 2015. Ọmọ Yorùbá tó bá ti ń san owó orí ní London kí ọdún yẹn tó pé ti dá sí i.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ní ọdún 1851, Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Òṣogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi. Ó rí Lord Palmerston, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń ta ẹrú ní Èkó lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́, àti ohun tó ń dojú kọ Abẹ́òkúta láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Dàhómì. Wọ́n tún mú un lọ sí ààfin Windsor. Crowther fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀: òun àti Prince Albert, ọkọ ọbabìnrin, ń wo máàpù kan nídìí àtùpà, bí wọ́n ti ń tẹ́ máàpù náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa àtùpà, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan wà láàrin wọn tó ń bi í léèrè nípa Èkó. Crowther kò mọ̀ pé Ọbabìnrin Victoria ni, àfi ìgbà tó gbọ́ bí wọ́n ti ń pè é. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló ka Àdúrà Olúwa fún un ní èdè Yorùbá.

Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún náà gan-an, ìbọn ńlá àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń dún ní Èkó. Iná jó ilé, Kòsọ́kọ́ sá lọ, wọ́n dá Akitóyè, ọba àná, padà sórí oyè. Palmerston tó ti ń ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn kò sí nípò mọ́ ní ọjọ́ yẹn! Olóòtú ìjọba, Lord John Russell, ti yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí pé ó gbóríyìn fún ìfipágbàjọba ilẹ̀ Faransé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Palmerston kò jẹ́ kó tutù. Ní oṣù kejì ọdún 1852, ó kó ìbò jọ nínú Ilé, ìjọba Russell sì wó. Ẹni tó bí i nínú ló gbẹ̀san lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. Nígbà tí ó fi máa di 1861, Palmerston alára ni olóòtú ìjọba, Russell ni mínísítà rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Abẹ́ àwọn méjì yìí ni Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akitóyè, ti fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tó dúró lójú omi tó ń wò ó. Wọ́n gba Èkó, wọ́n ní àwọn ó máa fún un ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún. N kò gbà pé nítorí òwò ẹrú nìkan ni. Epo pupa wà níbẹ̀, owó ibodè sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó pín wa sí méjì ni Lord Salisbury, olóòtú ìjọba ìkẹyìn tó ṣàkóso láti Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù. Òun ni olóòtú ìjọba, òun náà sì ni mínísítà ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Faransé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889. Wọ́n fa ìlà láti etí òkun wọ inú igbó. Ajáṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaró àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ará Kétu kankan níbi ìpàdé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí yín ní Pọ́bẹ̀, tí ẹ ń fi pásípọ́ọ̀tù kọjá lọ kí ẹ̀gbọ́n yín, ẹ mọ orúkọ ẹni tí ẹ ó bi báyìí.

Asquith ló wà nípò olóòtú ìjọba nígbà tí wọ́n pa Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀ ní 1914. Lloyd George tó lé e kúrò, inú ìjọba rẹ̀ ló ti jáde. Ọmọ Wales ni, Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè àbínibí rẹ̀. Ramsay MacDonald, ọmọ ìránṣẹ́bìnrin láti Scotland, ló kọ́kọ́ di olóòtú ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́ Labour, ní 1924. Ẹ jẹ́ kí n fo àwọn yẹn, kí n dé 1941.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, nígbà tí ogun Hitler gbóná janjan, Winston Churchill àti Roosevelt ti Amẹ́ríkà fi ìwé kan síta pé àwọn bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Clement Attlee, tó ń dúró fún Churchill nílé, lọ bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sọ̀rọ̀ ní London. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1925. Attlee sọ fún wọn pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ọ̀rọ̀ inú ìwé náà wà fún. Ẹ fojú inú wo bí inú àwọn ọmọ wa ṣe dùn tó. Kò pé oṣù kan tí Churchill dìde nínú Ilé tó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Hitler gbà ni àwọn ní lọ́kàn. Ṣé ẹ rí i? Ìjọba kan náà, ẹnu méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU kò gbàgbé ọ̀rọ̀ Attlee, wọn ò sì jẹ́ kí ó gbàgbé. Ogun náà parí sí ọwọ́ Churchill ní Yúróòpù ní oṣù karùn-ún ọdún 1945. Nígbà tó di oṣù keje, àwọn aráàlú rẹ̀ ti dìbò lé e dànù, wọ́n sì gbé Attlee wọlé. Attlee ló fún Íńdíà ní òmìnira, òun náà ló dá ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà wa ti ń jẹun lónìí.

Nígbà tí Harold Macmillan wá kí wa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960, òmìnira tiwa náà ti dọ́wọ́. Ètò ìjọba wọn la sì mú lò: Balewa ni olóòtú ìjọba, Awólọ́wọ̀ ni olórí ẹgbẹ́ alátakò. Ibi tí a ti dán ètò náà wò gan-an ni Ìbàdàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣojú 66 nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gómìnà, Ọọ̀ni Adérẹ̀mí, pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá ní olórí ìjọba mọ́. Gómìnà yọ ọ́, ó fi Adégbénró rọ́pò. Akíntọ́lá ní irọ́ ni, ẹ ò dìbò nínú Ilé. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wá dìbò, àga fò, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá yin tajútajú, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, tó wà ní London, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì sọ ní 1963 pé gómìnà kò ṣe àṣìṣe, kò pọn dandan kó jẹ́ inú Ilé ni ìbò ti wáyé. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn tó wà nípò ní Ìbàdàn yí òfin padà, wọ́n sì mú un padà sẹ́yìn kó lè bo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. N kò ní dá ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá lórí rédíò lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin ti apá méjèèjì lẹ ń gbọ́ wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n fi ọkọ̀ kó ètò ìjọba wọn wá bá wa, ìtìjú tó máa ń mú olóòtú ìjọba wọn dìde lórí àga kò sí nínú ẹrù náà.

Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1979, wọ́n dìbò nínú Ilé bóyá kí ìjọba James Callaghan máa lọ tàbí kó dúró. Aṣojú Labour kan ń ṣàìsàn tó le gidigidi. Bí wọ́n bá gbé e wá, ìbò a dọ́gba. Callaghan ní kí wọ́n má gbé ẹni tó lè kú sójú ọ̀nà. Ìbò jáde: 311 sí 310. Ìbò kan! Ó dìde, ó ní òun ń lọ bá aráàlú, ó sì fìdí rẹmi nínú ìdìbò tó tẹ̀ lé e.

Margaret Thatcher tó gba ipò náà ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló wọlé ìbò, ó lo ọdún 11. Alátakò kò rí i yọ. Owó orí tuntun kan tó gbé ka orí olówó àti tálákà bákan náà ló kọ́kọ́ mú ìlú gbóná, ọ̀rọ̀ Yúróòpù wá dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn mínísítà rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1990, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò lórí ẹni tí yóò máa darí wọn. Ó ní 204, Michael Heseltine ní 152. Bí ó bá jẹ́ tiwa ni, a ti ń lùlù. Òfin ẹgbẹ́ ní kí àlàfo tó wà láàrin wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbò mẹ́rin péré ló kù ú kù. Ó ní òun ó dìje lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí àwọn mínísítà rẹ̀ wọlé wá bá òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń wọlé, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: èmi wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní wọlé. Wọn ò gbé igbá fún un pé kó ṣí i wò bí Ọ̀yọ́mèsì ti máa ń ṣe fún Aláàfin, síbẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún un kò yàtọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun ti ń lọ. Àwọn aráàlú tó dìbò fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti dìbò pé àwọn ń kúrò nínú àjọ Yúróòpù, ojú ọ̀nà ilé nọ́ńbà 10 kò sinmi. Cameron lọ, May dé. May lọ, Johnson dé. Àwọn mínísítà Johnson kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ títí òun náà fi lọ. Liz Truss ló gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Elizabeth ní Balmoral ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ọbabìnrin wàjà. Truss gbé ètò ìṣúnná jáde tó dín owó orí kù láìsọ ibi tí owó tí wọn ó fi dípò rẹ̀ yóò ti wá, pọ́n-ùn sì já wálẹ̀ ju bó ti já rí lọ sí dọ́là. Ìwé ìròyìn kan gbé ewé létùsì kalẹ̀ síwájú kámẹ́rà, ó ní kí a máa wo èyí tó máa kọ́kọ́ rà nínú létùsì náà àti olóòtú ìjọba. Létùsì ló borí. Ọjọ́ 49 ni Truss lò. Ológbò kan tó ń jẹ́ Larry, tí wọ́n gbà síbẹ̀ ní 2011 kó máa pa eku, ti rí olóòtú ìjọba mẹ́fà láti ìgbà Cameron títí dé Starmer, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ níṣẹ́.

Rishi Sunak tó tẹ̀ lé Truss, ará Íńdíà ni ìran rẹ̀, ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sì ni wọ́n ti bí àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí òun náà lọ, ẹgbẹ́ Conservative yan Kemi Badenoch ní olórí wọn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Olúkẹ́mi Adégòkè. London ni wọ́n ti bí i, Èkó ló ti gbé dàgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa Nàìjíríà kì í dùn mọ́ ọ̀pọ̀ wa nínú, èmi náà sì ti bínú sí àwọn kan nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sí àga olórí alátakò yẹn, tó ń bi olóòtú ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́rú, ti wà níbi tí Attlee, Churchill àti Thatcher ti kọjá kí wọ́n tó wọ nọ́ńbà 10.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan rán yín kí aago tó lù. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba lọ́nà òfin, tó ti pé ọmọ ọdún 18, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣojú àgbègbè rẹ̀ sí Ilé Aṣojúṣòfin, bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ onílùú, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé rẹ̀ tó fi ojú rẹ̀ hàn tó láti mú dé ibùdó ìdìbò, bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níbẹ̀ kò mọ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n lórí WhatsApp lálẹ́ yìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè àlàáfíà àti owó, ẹ bi wọ́n bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn olùdìbò.